Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Twigg Jẹ Gbogbo K Tán

Àwọn tó rọ lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn wa, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n jókòó sí, wọn kò sì gbọ́ èdè Maori, èdè àwa onílẹ̀ níbí, rí láyé wọn. Wọ́n kó C àti S, tí èdè wa kì í lò, ránṣẹ́ bí ẹni da erùpẹ̀. K tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò kún àwo kan. Bẹ́ẹ̀ èmi Rēweti, tí mò ń to ẹ̀gbẹ́ òsì ojú ìwé, ẹ̀gbẹ́ Maori, n kò lè to ìlà kan kí n má bu K mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ti Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ ìyàn kankan ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, gbogbo K wa pátá wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀gbẹ́ni Twigg, olóòtú wa, ló sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ṣí afárá tuntun. Wákàtí kan gbáko ló fi sọ èdè wa. Àwọn àgbà wa fi aṣọ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Twigg ní omijé ayọ̀ ni. N kò ní bá a jiyàn. Omijé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wá ní kí ọ̀rọ̀ náà jáde ní kíkún, òpó méjì gbọọrọ, kí àwọn ọmọ-ọmọ wa lè rí i kọ́ sórí.

Ọ̀sán ni akọ̀wé ìjọba ju ìkéde kan sórí tábìlì mi. Mo kà á. Kọ́ọ̀tù Ilẹ̀ yóò jókòó ní etídò lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, lórí ilẹ̀ Kaikōwhai. Ilẹ̀ wa! Ibẹ̀ ni wọ́n ri ibi ọmọ mi mọ́. Ẹni tó pe kọ́ọ̀tù náà ni Hakaraia, ìbátan wa kan tó ti ta tirẹ̀ tán tí ojú rẹ̀ wá ń wo ti ẹlòmíràn. Ní kọ́ọ̀tù yẹn, ẹni tó bá wá nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ ti lè gbé ilẹ̀ kan fún ogún ìran. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí ẹ kò dáhùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkéde yìí gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ òsì.”

“Ó máa wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Òfin ní kó jáde, á jáde.”

“Àwọn ará wa ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sà.”

“Kí wọ́n kọ́ ọ! Ṣebí èmi náà kọ́ tiyín.” Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Fi Maori rẹ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ méjì òní.”

“Kọ́ọ̀tù á ti parí nígbà yẹn.”

“Ṣé K ṣẹ́ kù ni?”

“Kò kù, sà. Ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń yìn ín ni. “Àwọn èèyàn rẹ ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, Rēweti ọmọ mi. O ò gbọdọ̀ yọ ẹyọ kan.” Ó dé fìlà, ó gba ilé lọ.

Ohun tó bí mi nínú jù kì í ṣe ìkórìíra. Ọ̀gbẹ́ni Twigg fẹ́ràn wa. Kò sí ibi oúnjẹ tí kì í ti í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn rẹ tí kò lè dín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kù fún ọ, kí lo fẹ́ fi ìfẹ́ rẹ̀ ṣe? Mo kọjú sí Āperahama, bàbá àgbàlagbà tó ń fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

“Bàbá, mo fẹ́ tú u.”

“Tú kí ni?”

“Ọ̀rọ̀ ọ̀gá.”

“Á lé ẹ.”

“Á lé mi nídìí iṣẹ́. Hakaraia á lé ìyá mi lórí ilẹ̀. Èwo ló kéré níbẹ̀?”

“Kí lo wá dúró ń bi mí sí? Tú u, jàre! Ibi tó ti fi ara ẹ̀ wé oòrùn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo tú u palẹ̀, mo ṣa gbogbo K inú rẹ̀. Mo to ìkéde náà sókè pátápátá, mo fi àlàfo gbòòrò yí i ká kó lè hàn ketekete: orúkọ ilẹ̀, orúkọ Hakaraia, ọjọ́, ibùdó. Nísàlẹ̀, mo ṣẹ́ ìlà kan kù fún ọ̀gá: “Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo kí yín.” Láti ọjọ́ tó ti ń sọ èdè wa, kò sọ èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ó fi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹlẹ́ṣin ti kó ìwé lọ. Ó ṣí i, ó yí i padà, ó tún yí i padà.

“Ọ̀rọ̀ mi dà?”

“Ó wà nínú àpótí, sà. Kò sí lẹ́tà kan tó sọnù.”

“Aláìmoore! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ìran yín!”

“Ẹ tẹ èyí náà jáde, sà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.”

Kò jẹ́ kí n mú aṣọ àwọ̀lékè mi kó tó lé mi jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé etídò. Hakaraia jókòó síwájú nínú ẹ̀wù tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín sí adájọ́. Adájọ́ pe Kaikōwhai. Ohùn ọgọ́ta ará wa dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, nítorí ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Hakaraia.

Adájọ́ ní kí ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Màmá mi, Mereana, dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn baba ńlá wa, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé ìran wa dé ilẹ̀ yìí, ní ìran dé ìran. Kò tíì dé ìdajì tí akọ̀wé kọ́ọ̀tù fi gbé kálàmù sílẹ̀.

“Ìyá, ẹ dín in kù.”

Màmá mi yíjú sí i.

“Kí n dín in kù? Ó dáa. Nínú àwọn òkú mi, mú ẹni tí wàá fò fún mi, kó o sì dìde dúró kó o pe orúkọ ẹ̀ lójú gbogbo wa.”

Akọ̀wé tún gbé kálàmù rẹ̀.