Èdè Tí A Kò Gbọ́

Ọlábámijí ló dá àbá náà, ìgbéraga ló sì fi dá a. Àkọsílẹ̀ ilé aṣòfin ti kún kọ̀ǹpútà wọn ní Braamfontein, nílẹ̀ òkèèrè tí Ọlábámijí ti ń ṣiṣẹ́, dẹ́nu. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi tí àwọn aṣòfin ti ń gbọ́ tẹnu aráàlú rẹ́, akọ̀wé ṣáà ti tẹ ọ̀rọ̀ inú wọn. Magdalene, tí wọ́n jọ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ wọn ná.

"Eish, Magdalene! Ọ̀rọ̀ ti wà lórí ìwé. Kí la tún fẹ́ fi ohùn ṣe?"

Magdalene gbà fún un. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ti gbọ́n tán jiyàn? Wọ́n jọ pa àwọn ohùn náà rẹ́.

Kò pẹ́ kò jìnnà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Salamot pọnmọ wá láti Troyeville. Bó ṣe gbọ́ orúkọ Ọlábámijí báyìí, inú rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn aṣòfin ṣèpàdé ládùúgbò wa lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwa àlejò. Màámi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì kọrin. Orin yẹn ni wọ́n fi máa ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Wọ́n ti ṣaláìsí báyìí. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, the rest, mi ò rántí mọ́. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi náà gbọ́ ọ."

"Ìyẹn ò le, àbúrò. Jókòó."

Ọlábámijí wá orúkọ ìyá náà, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó nà án sí i láìkà á. Salamot ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kú. Ó fìka sórí ìlà kan. Ohun tí akọ̀wé tẹ̀ síbẹ̀ ni pé, "Obìnrin náà fi èdè tí a kò gbọ́ kọrin."

"Ohùn wọn gan-an ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Ojú ti Ọlábámijí débi pé ó ń làágùn. Nínú gbogbo ọ́fíìsì yẹn, òun nìkan ló gbọ́ Yorùbá. Magdalene ka ìlà náà, kò sì sọ pé òun kúkú ti wí i. Ó rọra sọ fún Salamot ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọ́fíìsì àwọn ló pa ohùn náà rẹ́, kó má bínú. Ká ní ó bú Ọlábámijí ni, ì bá sàn. Ikú yá ju ẹ̀sín là ń wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín, ojú sì ń tì í síbẹ̀.

Salamot yíjú sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí nígbà tí wọ́n pa á rẹ́ ni?"

Ọ̀nà àbáyọ ló là fún un yẹn. Ó wù ú kó gbà á.

"Mo wà níbí," ni Ọlábámijí wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mi ò gbọ́ ọ rárá kí n tó sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ tí Salamot pọ̀n bú sẹ́kún. Salamot dìde, ó ń mì ín jẹ́jẹ́, ó sì kọ ibi tó mọ̀ nínú orin náà fún un. Nígbà tó débi tó gbàgbé, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.