Ọwọ́ tí Alfhild Kò Gbé Kúrò

Gunborg, ìyá ọkọ mi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, níbi tí a ti ń tú ẹja kúrò nínú àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Alfhild ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Verner ni bàbá wọn.

Ní erékùṣù wa ní Åland, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ilé Verner kì í tètè dá. Bí wọ́n bá yọ eyín, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn di ọjọ́ kejì. Àkọ́bí wọn ṣubú, ó gé ètè ara rẹ̀ jẹ, ohun tó pa á nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìlú Åbo, lódìkejì òkun, gba Alfhild, Verner kọ̀.

"Láàárín ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́? Ìwọ tí ẹ̀fọn lè pa?"

"Bàbá, ọdún kejìdínlógún rèé tí ẹ̀fọn ti ń jẹ mí."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ kì í dá, ẹnu rẹ náà kì í dá!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀bẹ tí Verner fi ń la ẹja yọ̀, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gunborg sáré mú aṣọ wá. Àṣà ilé wọn ni kí wọ́n tẹ ojú ọgbẹ́ díẹ̀, kí wọ́n ṣí i wò, kí wọ́n fi omi òkun ṣàn án kó lè mọ́, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Verner wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ̀jẹ̀ tú jáde.

Alfhild fi aṣọ bò ó, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Jẹ́ kí n wò ó."

"Ẹ ò ní wò ó."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ lè bínú, ṣùgbọ́n ẹ má fa ọwọ́ yín. Nọ́ọ̀sì erékùṣù yìí ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ló ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ibi tó ya, tí wọ́n á tún lẹ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á ta fọ́nrán lé wọn lórí bí àwọ̀n, kí wọ́n má baà ṣí kúrò. Tiwa kì í tètè lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀! Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i wò, ẹ ń fa àwọ̀n yẹn ya ni. Ẹ̀yin apẹja, ṣé ẹ máa ń kó àwọ̀n kí ẹja tó wọ̀ ọ́?"

Verner fi ọwọ́ náà sílẹ̀ fún un. Kọfí hó dànù lórí iná, ẹnì kankan ò dìde. Ó ti ń rẹ Alfhild. Gunborg ní kí òun gbà á, Alfhild ní rárá, ẹni tó bá pààrọ̀ ọwọ́ ti ṣí i nìyẹn. Ọ̀sán pọ́n kó tó rọra gbé ọwọ́ kúrò. Ó fi aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Verner wò ó pẹ́.

"Ó ti dì," ló wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ọjọ́ wo lọkọ̀ ń lọ sí Åbo?"

"Ẹtì."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Verner na ọwọ́ tí wọ́n dì sókè ní èbúté. "Ọmọ mi ló dá a dúró! Kò pọfọ̀, kò pe ẹnikẹ́ni, ọwọ́ rẹ̀ náà ni!" Ó fẹ́ tú u kí àwọn ènìyàn rí i.

"Bàbá, ẹ má ṣí i!"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Alfhild gbé àpò rẹ̀, ó gbé orí sókè gun pákó ọkọ̀ lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.