Ẹja Tí Bàbá Ọládòṣù Dá Padà Sínú Òkun

Láti kékeré ni Mansur Ọládòṣù ti ń fi ìwọ̀ pẹja lódò Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n kò fojú kan òkun rí títí ó fi di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Òun ló ń tọ́jú àwọn ẹja ní yàrá ìwádìí yunifásítì kan ní Ẹdẹ. Dókítà Mojọlá ni ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mansur lè bí i lọ́mọ.

Nínú oṣù kejì, àwọn kan tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹja fún ìgbádùn ní Èkó pe Dókítà pé kó bá àwọn lọ sójú agbami. Máálìnì ni wọ́n ń wá, ẹja ńlá tí ìmú rẹ̀ gùn ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Wọn kì í pa á. Bí wọ́n bá ti fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀. Dókítà fẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ọ̀kan lẹ́yìn, kó lè mọ ibi tí ẹja náà ń gbà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà. Ó ní kí Bàbá Ọládòṣù bá òun lọ.

Wọ́n rin wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó débi tí omi ti dúdú bí aró. Bàbá ti ń bì láti àárọ̀. Lójijì ni okùn ìwọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde.

"Bàbá, ẹ jókòó sórí àga yìí," ni awakọ̀ wí. "Tiyín nìyẹn!"

Ẹja náà fò sókè látinú omi, ó gùn ju ènìyàn méjì lọ. Bàbá gbàgbé èébì. Ó ń ká okùn, ẹja ń gbà á padà. Nígbà tó di wákàtí kan, awakọ̀ ní, "Ẹ gbé ọ̀pá fún ẹlòmíì, Bàbá. Tó bá pẹ́ jù báyìí, ẹja yẹn lè má yè é."

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un."

Wákàtí kan ààbọ̀ ló tún lò.

Nígbà tí ẹja náà fi máa dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣá. Dókítà gún ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n sì yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ìmú ẹja náà mú nínú omi, awakọ̀ sì rọra ń wa ọkọ̀ lọ kí omi lè máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kó lè rí èémí mí. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí Bàbá fi í sílẹ̀, kò ju ìrù bó ṣe yẹ. Ńṣe ló ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi rí i mọ́.

Wọ́n padà sí èbúté.

Dókítà ti ṣàlàyé fún Bàbá pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ẹ̀rọ náà máa lò lára ẹja kó tó já, kó léfòó, kó sì fi gbogbo ohun tó rí ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá kú, tó rì sísàlẹ̀ tí kò mira mọ́, ẹ̀rọ á já ṣáájú àkókò. Nítorí náà, kò sí ohun tí Bàbá ń fẹ́ ju kí ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?"

"Rárá o, Bàbá."

"Alhamdulilahi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Nílé, ọ̀rọ̀ náà sú ìyàwó rẹ̀, Kúlúsúmù.

"Ṣé nítorí ẹja lẹ ṣe ń káwọ́ gbera báyìí?"

"Kì í ṣe tẹja. Wọ́n sọ fún mi, mi ò gbọ́."

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, Dókítà ṣí ímeèlì rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rọ náà ti léfòó. Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti sọ̀rọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tó rí kò tíì wọlé tán, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

"Sùúrù kí la tún fẹ́ ní? Mo ti pa á." Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ sóko lónìí."

Ó gun ọ̀kadà lọ sí oko rẹ̀ ní Alajue.

Dókítà kò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wọlé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹja náà kò fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ọjọ́ kẹta, ó gòkè wá sójú omi. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń lọ sísàlẹ̀, tó ń gòkè, títí di àná, ó sì ti rìn dé ìhà òkun Gánà. Dókítà tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ó bá Bàbá láàárín ẹ̀gẹ́, tó ń roko bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó sáré gun ebè pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì, bàtà kan sì há sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Bàbá! Kò kú o!"

Bàbá dúró. "Kí lẹ wí?"

Ó na fóònù sí i. "Ẹ wo ìlà yìí. Ibí ló ti lọ sísàlẹ̀, ibí ló ti gòkè. Àná gan-an nìyí."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ fi já?"

Dókítà wolẹ̀. "Èmi ni mi ò gún un dáadáa. Mo kánjú, kí ẹja má bàa kú."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí ebè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà náà jókòó tì í.

Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó pe Kúlúsúmù lórí fóònù. "Ó yè é o! Ó wà lókun Gánà lọ́hùn-ún."

"Ta ló wà ní Gánà?"

"Ẹja mi ni!"

Kúlúsúmù pariwo dúpẹ́ débi pé Dókítà gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, àwọn méjèèjì, kí wọ́n wá jẹun.