Ìkòkò Kékeré Wúrà

Ìkòkò méjì ló wà lórí iná nígbà tí Ìbídùnní wọ ilé àbúrò rẹ̀ ní Yàbá, ní ìlú Oǹdó. Ọ̀kan tóbi. Èkejì kéré débi pé ọbẹ̀ inú rẹ̀ kò lè kọjá ti ẹnì kan. Ó ṣí méjèèjì wò kó tó wá ibi jókòó. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kan náà ló wà nínú wọn.

"Ìyàwó, àlejò wo lò ń retí?"

"Kò sí àlejò kankan, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló wá dé tí ìkòkò fi di méjì?"

Wúrà ń gún iyán. Kò dá ọmọ odó dúró. "Ti Bàbá Tiwaladé ni kékeré yẹn." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe ọkọ rẹ̀, Akínlolú.

"Kì í ṣe ọbẹ̀ kan náà ni?"

"Ọbẹ̀ kan náà ni. Bí ara wọn ṣe fẹ́ ẹ ni mo ṣe ń sè é."

Kò gbójú sókè nígbà tó ń dáhùn. Ìbídùnní rí ìyẹn, ó sì fi í sọ́kàn. Kì í ṣe ìkíni lásán ló gbé e wá láti Ọ̀bà-Ilé. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí Akínlolú bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ńṣe ni ẹnu rẹ̀ ń wúwo bíi ti ẹni tó mutí yó, bẹ́ẹ̀ Akínlolú kì í mutí.

Akínlolú ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Télọ̀ ni. Nígbà kan àrùn ọpọlọ kọ lù ú: kì í sùn, ó ń sọ̀rọ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀, ó sì gé aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ wẹ́wẹ́. Nígbà tí ìyẹn rọlẹ̀, kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Dókítà Oyèlékè, ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́, ló fún un ní oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù. Oògùn náà mú un. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ní ọdún yìí ni Wúrà wá fi ìtọ́jú mìíràn kún un. Ìyá Olúrántí, àgbàlagbà obìnrin kan ládùúgbò wọn, máa ń fi omi ewé wẹ aláìsàn, a sì fi òrí wọ́ ọ lára títí oorun yóò fi gbé e lọ. Wúrà kò fi í pamọ́ fún dókítà. Ohun kan ṣoṣo ni dókítà béèrè: "Ṣé ó ń fún un ní nǹkan mu?" Wúrà ní rárá. Dókítà ní bí kò bá ti gba ẹnu wọlé, òun kò ní bá a jà, kí Akínlolú má ṣáà fi oògùn òun sílẹ̀.

Ìbídùnní ló bá a jà. Ó ní ìnáwó òfo ni, ó ní ẹni tó ń lo oògùn dókítà kò ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó ń fọ ẹlòmíràn bí ọmọ ọwọ́. Ó sọ ọ́ títí Wúrà fi dẹ́kun bíbá a sọ̀rọ̀ ìwẹ̀ náà.

Ó bá àbúrò rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, tó di òwú àti abẹ́rẹ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé abẹ́rẹ́ náà kò dúró sójú kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ bá mi fi òwú yìí bọ ojú abẹ́rẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí ló ń mú ọwọ́ rẹ gbọ̀n?"

"Ogbó ni. Àbí ẹ ò mọ̀ pé mo ti dàgbà jù yín lọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò já gaara. Nígbà tó dìde láti kí i, ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó sì di ògiri mú. Ìbídùnní sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Kò sí ọtí níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ padà sídìí ìkòkò kékeré.

Ó bọ́ síta, ó pe Bàbá Akínsànyà ní Ìlárá-Mọ̀kín. Àbúrò bàbá wọn ni, òun sì ni olórí ẹbí. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ó ń dá oúnjẹ rẹ̀ sè lọ́tọ̀, Bàbá."

"Lọ́tọ̀ kẹ̀? Ọkọ rẹ̀?"

"Nínú ìkòkò kékeré kan. Mo bi í, kò dá mi lóhùn tó yanjú."

"Ojú obìnrin yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn láti ọjọ́ tí ẹ ti mú un wá. Bu díẹ̀ nínú ohun tó ń sè. Bí ẹ̀rí bá ti wà, a ó kó ẹrù rẹ̀ síta, ìwọ ni wàá sì mú àbúrò rẹ lọ sọ́dọ̀."

Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, Wúrà bu ọbẹ̀ fún Ìbídùnní nínú ìkòkò ńlá, ó bu ti ọkọ rẹ̀ nínú kékeré. Akínlolú jẹ òkèlè díẹ̀, ó ti àwo sẹ́yìn.

"Oúnjẹ yìí ti sú mi, Wúrà."

"Ẹ fara dà á," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Kò ní pẹ́ parí mọ́."

Ìbídùnní wo àwo àbúrò rẹ̀. Kí ni kò ní pẹ́ parí? Bí Wúrà ti kó àwo lọ sẹ́yìnkùlé, Ìbídùnní bu ìyókù ọbẹ̀ inú ìkòkò kékeré sínú ike kan, ó dé e, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akínlolú kò lè dúró. Ó ń bì, ó ń pe Wúrà ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé e wọ takisí, ó di ọ̀nà Àkúrẹ́. Wúrà gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń sunkún.

"Ẹkún kí nìyẹn? Kò tíì kú," ni Ìbídùnní wí. "Àbí o ti mọ ohun tí àwa ò mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Nígbà tí a bá dé, o máa gbọ́."

Awakọ̀ yọjú wò wọ́n nínú dígí, ó sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Wọ́n ti kọjá Bọ́lọ́rundúró kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Akínlolú. Nígbà tí èsì dé, Dókítà Oyèlékè pe àwọn obìnrin náà wọlé.

"Lítíọ́mù tó wà lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣé ó ń lò ju bí mo ṣe ní kó lò lọ?"

"Rárá o," ni Wúrà wí. "Èmi ni mò ń fi lé e lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe ní kó lò ó náà ló ń lò ó."

"Ṣé ó ń mu àgbo?"

"Kò mu nǹkan kan."

Ìbídùnní ṣí báàgì. "Dókítà, ẹ má wulẹ̀ bi í mọ́. Èyí ni kí ẹ yẹ̀ wò."

"Kí nìyí?"

"Ọbẹ̀ tó ń dá sè fún un ni. Ẹlòmíràn kì í jẹ níbẹ̀. Ẹ bá mi wo ohun tó ń fi sínú rẹ̀."

Wúrà wo ike náà, ó wo ojú Ìbídùnní. Ó gbà á, ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu, ó mu díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ike náà sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ó ṣẹ́ ku tiyín. Ẹ gbà. Bí mo bá fi májèlé sí i, ká jọ kú síbí. Ẹ ò ní wá dókítà jìnnà."

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìbídùnní kò rí ibi yà sí. Ó ti ìka bọ ọbẹ̀ náà, ó lá a. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ohun tí ò ń fún ọmọ ìyá mi jẹ nìyí? Ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ bó ti wù kó kéré mọ! Ajá gan-an á kọ̀ ọ́."

Dókítà gbójú sókè. "Ẹ ní kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Iyọ̀ ni. Kò mọ ọbẹ̀ sè."

"Màdámù, ṣé ẹ gbàgbé iyọ̀ ni?"

"Mi ò gbàgbé," ni Wúrà wí. "Èèwọ̀ ni. Ìyá Olúrántí ní ẹni tí òun bá ń fi ewé wẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan iyọ̀ títí ìwẹ̀ yóò fi parí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ohun tó ń mu lẹ bi mí, Dókítà. Èèwọ̀ kì í ṣe oògùn."

Dókítà tún wo èsì ẹ̀jẹ̀ náà. Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé bí ara kò bá rí iyọ̀, oògùn yìí ni yóò dì mú, tí kò ní jẹ́ kó bá ìtọ̀ jáde bó ṣe yẹ. Ìwọ̀n tó dára tẹ́lẹ̀ á wá di àpọ̀jù. Wọn yóò dá oògùn náà dúró ná, wọn yóò sì máa fa omi oníyọ̀ sí i lára. Wọ́n tètè gbé e wá. Ara rẹ̀ yóò yá.

"Èmi náà jẹ̀bi," ni ó wí. "Ohun tó ń wọlé ni mo béèrè. Ó yẹ kí n béèrè ohun tí ẹ yọ kúrò. Ìwẹ̀ àti òrí kò ṣe é ní nǹkan. Oorun tó ń rí sùn níbẹ̀ dára fún un. Ẹ mú ìyá náà wá kí a jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kó tètè padà sórí iyọ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde, Wúrà kò jókòó.

"Ta lẹ ti sọ fún, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bàbá Akínsànyà."

"Ẹ pè wọ́n. Níṣojú mi. Kí èmi náà máa gbọ́ ohùn wọn."

Ìbídùnní pè é. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fi ibi tí òun ti ṣàṣìṣe pamọ́. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Ìbídùnní, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Ìyàwó ni, Bàbá."

"Mo ti mọ̀. O jẹun nílé rẹ̀ lánàá?"

"Mo jẹun."

"O ò wá rí i? Lánàá ò ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn, lónìí ò ń gbẹnu sọ fún un. Kí ló fún ọ jẹ?"

"Bàbá, dókítà ló sọ ọ́!"

"Ìwọ lo ń sọ ọ́ fún mi, ìwọ sì ti jẹ ẹ́. Gbémiga ọmọ mi àti àwọn ọmọkùnrin ilé ti múra. Wọ́n ń lọ kó ẹrù náà síta." Ó pa fóònù.

Ìbídùnní tún pè é. Kò gbé e mọ́. Ó ronú ohun tó tún lè sọ, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan tí bàbá náà kò ní fi kún ẹ̀rí rẹ̀.

Wúrà yọ kọ́kọ́rọ́ ilé, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò ní fi ọkọ mi sílẹ̀ síbí. Ẹ̀yin lẹ rán wọn níṣẹ́. Ẹ lọ dá wọn dúró."

Ìbídùnní dé Oǹdó ṣáájú wọn. Ó gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dúró, Gbémiga, ọmọ Bàbá Akínsànyà, bọ́ sílẹ̀. Ó kí i láti òkèèrè, kò sún mọ́ ọn.

"Ẹ dìde lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ní a ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ lónìí."

"Má gbà á gbọ́. Akínlolú wà ní Àkúrẹ́, lọ bi dókítà rẹ̀ léèrè."

"Bàbá ò rán wa sí Àkúrẹ́."

"Nígbà náà, èmi lẹ máa kọ́kọ́ gbé síta, kí ẹ tó kan ẹrù ẹnikẹ́ni."

Gbémiga wo àwọn tó bá a wá. Kò sí èyí tó fẹ́ fọwọ́ kan obìnrin tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó ti jẹ oògùn nílé náà. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó sì ń pe bàbá rẹ̀. Ìbídùnní kò kúrò lórí àga náà.