Orí Tí Ẹgbẹ́ Akọrin Ń Wò

Ọmọ Ọ̀kà ni Jesse. Ó tẹ dùùrù títí ìka rẹ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí akọrin ní Èkó. Nígbà tí ìjọ kan ní Ìkàrẹ́ ń wá olùdarí, Bàbá Adébíyìí, alága ìgbìmọ̀ ìjọ, ní kó wá dán ara rẹ̀ wò. Bí orin ọjọ́ ìkórè bá dùn, wọn á gbà á síṣẹ́. Bí kò bá dùn, ọ̀nà Ọ̀kà kò tíì dí.

Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni Jesse ń wọ ọkọ̀ gba Àkùngbá kọjá lọ fún ìdánrawò ní Ìkàrẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí tẹ́ẹ́rẹ́ lápò. Yóò gbé ọ̀pá sókè, kò sẹ́ni tí yóò wò ó. Màmá Ìbíyínká, tó ti ń kọrin níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ni gbogbo wọn ń wò. Bí orí Màmá bá mì, wọ́n á gbè é. Bó bá dúró, báàsì pàápàá á panu mọ́. Olùdarí mẹ́rin ló ti wá tó sì ti lọ lójú orí yìí.

Tiwaladé tó ń kọ tẹ́nọ̀ bi í léèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé eṣinṣin lẹ ń lé ni?” Tiwaladé kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń béèrè.

Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n Jesse kò tíì gbà. Ó ní kí Màmá lọ dúró ní ìlà ẹ̀yìn kí wọ́n má baà rí i mọ́. Ẹgbẹ́ akọrin yí padà, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ń kọrin lọ.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, ó lọ bá Màmá nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè ìdí tí wọn kì í fi wo ọ̀pá òun. Iṣu ni Màmá ń bẹ. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ọmọ mi, n kò rí ọ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí n kò ti rí olùdarí kankan mọ́. Nǹkan funfun kan máa ń mì níwájú mi, fáànù ni mo pè é. Dùùrù ni mo máa ń dúró dè.”

Jesse ronú kan Níyì, akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá tó ń bá wọn tẹ dùùrù. Orí Màmá ni òun náà ń wò kó tó tẹ̀ ẹ́.

“Má sọ fún wọn o,” ni Màmá wí. “Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sáàárín ìjọ.”

Bí Jesse bá tú àṣírí náà, ojú gbogbo wọn á yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò ó títí ọkọ̀ fi dé Ọ̀kà.

Lọ́jọ́ ìkórè, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó ní kí Níyì dìde, ó jókòó sídìí dùùrù. Ó tẹ̀ ẹ́. Orí Màmá mì. Ẹgbẹ́ akọrin gbè é bí ẹnìkan ṣoṣo. Ibi tí Jesse bá ti fa orin gùn, Màmá náà á fà á. Ìjọ dìde dúró. Bàbá Adébíyìí nu ojú, ó ní eruku ni.

Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ ṣèpàdé, Bàbá sì jáde wá bá a.

“A gbà ọ́, ọmọ mi. Onídùùrù la gbà ọ́ sí o. Ní ti olùdarí, gbogbo wa rí i lónìí pé a ti ní i tẹ́lẹ̀.”

Jesse dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé àga síwájú fún Màmá, kí wọ́n lè máa rí orí rẹ̀ dáadáa. Màmá rọra bi Jesse léèrè ibi tí àga náà wà. Ó fà á lọ́wọ́ débẹ̀, bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.