Ta Ni Ọmọlará Yóò Tò Sí Lẹ́yìn?

Bí ẹsẹ̀ Ọmọlará aránṣọ kò ṣe ń sinmi lórí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu rẹ̀ kò sinmi rí. Bí òwú bá já, á fi eyín mú un, á sì máa fi imú sọ̀rọ̀ lọ. Òun ló rán aṣọ pupa tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Odòde ń wọ̀ lọ́dún 1981 yẹn, òun náà sì ni olórí àwọn tó ń pariwo fún wọn. Ibi tí Ọmọlará bá kọjú sí lórí pápá, ibẹ̀ ni gbogbo Odòde ń kọjú sí.

Ó wá ku Sátidé kan ṣoṣo kí ìdíje ife Ìdànrè parí. Nínú ìlú mẹ́rin tó ń bá ara wọn du ife náà, Alade ló kọ́kọ́ ń léwájú, ó ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri bí ọkọ ìyàwó. Àfi bí Ofosu, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nǹkan kan, ṣe gun ọkọ̀ wá láti ojú títì Benin, tí wọ́n fi ayò mẹ́ta sin Alade, tí wọ́n sì gun ọkọ̀ wọn padà. Bí Alade ṣe já bọ́ nìyẹn. Atosin àti Odòde ló kù, Atosin sì fi máàkì kan ṣoṣo ṣíwájú. Bí Odòde bá na Atosin ní Sátidé, Odòde ló ni ife. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, Atosin ló ni ín.

Ṣùgbọ́n ife kọ́ ló ń gbé Ọmọlará lọ́kàn sókè. Àbúrò rẹ̀ ni. Ọlọ́runṣọlá, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ṣọlá, ló ń gbá iwájú fún Odòde, kò sì sí ẹgbẹ́ tí kò gbá bọ́ọ̀lù wọlé wọn lọ́dún náà. Kóòṣì kan láti Àkúrẹ́ ti sọ pé ẹni tó bá gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ni òun yóò mú lọ sínú ẹgbẹ́ òun. Ẹnì kan péré. Ṣọlá sì ti ń dàgbà lọ nínú oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Bí kò bá lọ lọ́dún yìí, ta ni yóò tún wò ó?

Ọjọ́bọ̀ ni Augustine, ọmọ Atosin tó ń wa takisí, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya lọ́wọ́. Olúlékè tíṣà ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sísí Lará."

"Augustine! Ṣé ẹ ti wá tọrọ àforíjì ni?"

"Àforíjì kẹ̀? Mo ní kẹ́ ẹ wọn ara mi fún aṣọ tí màá fi gba ife ni."

"Aṣọ ọ̀fọ̀ ni màá rán fún ọ. Dúdú rẹ̀ wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni."

Augustine rẹ́rìn-ín, ó jókòó ti tíṣà, ó bù nínú ẹ̀pà rẹ̀ láìtọrọ. "Ẹ jẹ́ ká fi ife sílẹ̀ ná. Agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù, ta ni bí kò ṣe Ignatius wa?"

Ọmọlará rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ lórí ẹ̀rọ. "Aṣọ́lé? Ẹni tó dúró sójú kan bí òpó? Bí ọdẹ bá gbé ẹtu délé, ṣé ajá tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lẹ̀ ń kí kú oríire ní Atosin?"

"Bí olè bá wọlé gbé ẹtu lọ ńkọ́? Kí ni ọdẹ máa jẹ?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o," ni tíṣà wí.

"Tíṣà, ẹ máa jẹ ẹ̀pà yín. Ẹ má gbàgbé pé Odòde lẹ ti rà á."

Augustine kò jẹ́ kó bọ́. "Ẹ̀yin ò tíì rí ọmọ yẹn lóko. Bàbá rẹ̀ á máa fi dòjé já kòkó lókè, òun á máa hán an nísàlẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọ̀kan kanlẹ̀. Tọwọ́ òsì, tọwọ́ ọ̀tún, á tún máa súfèé."

"Kòkó kì í fò bí ìbọn Ṣọlá. Ẹ ní kó máa hán ìbépẹ." Ọmọlará nàka sókè, sí àwọn òkúta ràbàtà tó yí ìlú ká. "Kí ẹsẹ̀ tèmi tó lè tò sẹ́yìn aṣọ́lé, Òkè Òrósùn á kọ́kọ́ dìde rìn."

Títò ni wọ́n fi ń mú ẹni tó pegedé ní Ìdànrè. Ọdún tí wọ́n fi ìwé dìbò, ìwé pọ̀ ju ènìyàn lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ra wọn lórí. Láti ìgbà náà, bí ìdíje bá ti parí, àwọn tí wọ́n dárúkọ á dúró láàárín pápá, oníkálukú á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú, lójú oòrùn, lójú ìyá àti àna rẹ̀. Lọ́dún yìí Alade àti Ofosu ti gbà pé àwọn kò lẹ́nì kankan. Ignatius àti Ṣọlá ló kù. Odòde ló sì lérò jù. Ẹni tí Odòde bá tò sí lẹ́yìn ti mú un nìyẹn.

Ní Sátidé, òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Omi ń ṣàn funfun-funfun lára àpáta bí ẹni tó da wàrà sílẹ̀ láti ọ̀run, pápá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Odòde jáde bí eéṣú. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà gbé agogo wá. Ọmọlará kò bá wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé bọ́ọ̀lù Atosin gan-an, kí èébú lè tètè máa dé etí Ignatius.

"Ignatius! Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n! Ṣé o jẹun?"

Ọmọ náà kò wẹ̀yìn.

"Ignatius, ìyá ẹ ń pè ọ́, kòkó ń jábọ́!"

Kò wẹ̀yìn. Odòde gbá bọ́ọ̀lù títí, ó gbà á. Wọ́n fi orí kàn án, ó gbà á. Bí Odòde bá pariwo, àpáta á gba ariwo náà, á dá a padà fún wọn, bí ẹni pé ìlú mìíràn wà nínú òkúta tó ń bá wọn wo bọ́ọ̀lù. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn òkè, kò sí ẹni tó tíì rí ilé ẹnì kejì.

Ìgbà náà ni Ṣọlá gba bọ́ọ̀lù. Ó yẹ ẹnì kan sílẹ̀, ó gba àárín àwọn méjì kọjá, ó sì da gbogbo ara rẹ̀ lé e. Bí bọ́ọ̀lù ṣe kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Ọmọlará ti fi igbe ta: "Ó wọlé o!"

Gbogbo Odòde gbè é. "Ó wọlé!" Àpáta dáhùn: wọlé… wọlé… Bí òkè bá ti jẹ́rìí sí i, kí ló tún kù? Ṣọlá yíjú sí èrò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Agogo ń dún. Àwọn ọkùnrin ń bọ́ aṣọ, àwọn obìnrin ń so mọ́ra wọn lọ́rùn. Olúlékè tíṣà, ènìyàn jẹ́jẹ́, ń yí nínú ẹrẹ̀.

Fèrè kò dún.

Díẹ̀díẹ̀ ni ijó náà kú, láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ènìyàn ṣe ń wo ilé Atosin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ignatius jókòó sínú ẹrẹ̀ lórí ìlà, bọ́ọ̀lù wà nítan rẹ̀. Rẹfirí dúró tì í, ó ń mi orí: kò wọlé. Lẹ́yìn ilé náà ni Ọmọlará wà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Fèrè wá dún, fèrè ìparí. Ọ̀mì. Atosin gba ife.

Wọ́n mú àwọn méjèèjì dé àárín pápá. Kóòṣì Àkúrẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Atosin ti sáré lọ tò, Alade àti Ofosu pín sí méjì. Odòde kò tíì mira. Ọmọlará ni wọ́n ń wò.

"Lará, máa bọ̀," ni tíṣà wí, ẹrẹ̀ ń kán lágbọ̀n rẹ̀. "Ife ti lọ, ká má pàdánù ti Ṣọlá."

Ṣọlá wò ó láti ọ̀ọ́kán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọmọ tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀. Ọmọlará ló pọ̀n ọ́n. Òun ló wẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ibẹ̀, ẹsẹ̀ náà kọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí yẹn, gbogbo ayé ń jó nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bí òun bá fi ẹsẹ̀ ara òun sẹ́ ẹ, kò sí ojú mìíràn lábẹ́ òkè yìí tí yóò jẹ́rìí rẹ̀ mọ́. Yóò dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ó rìn kọjá níwájú Ṣọlá. Ó lọ tò sẹ́yìn Ignatius.

"Lará! Ṣé ojú ń ṣe ọ́ ni?" ni tíṣà ké sí i.

Ignatius bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rù sì bà á. Ó rò pé èébú tún dé. "Ẹ ti ṣìnà, mà," ó ní. "Atosin ló ń tò síbí."

"N kò ṣìnà," ni Ọmọlará wí.

Díẹ̀ lára Odòde tẹ̀ lé e láìbéèrè, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àwọn mìíràn tutọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ṣọlá. Díẹ̀ yẹn tó. Kóòṣì kọjá níwájú Ṣọlá, ó sì lọ bọ Ignatius lọ́wọ́.

Títí di òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Ṣọlá kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń fi ọwọ́ tú kòkó ká lórí ẹní lẹ́yìnkùlé nígbà tí Ọmọlará gbé ẹ̀kọ jáde fún un. Kò gbojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí."

"Ẹ tà mí fún Atosin."

"Mo rí i ni, Ṣọlá."

"Kí lẹ rí?" Ó da ẹ̀kúnwọ́ kòkó nù. "Èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò rí nǹkan kan! Mo ti yíjú. Òkè ló sọ fún mi pé ó wọlé. Kí lẹ rí?"

Ọmọlará gbé àwo sílẹ̀. Kò yára, ó ń mú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó gbé igbá tí omi kún.

"O gbá a. O kò gbá irú rẹ̀ rí láyé ẹ. Ọ̀tún ló kọrí sí, Ignatius ti fò sí òsì. Ó ti ṣì í. Mo rí ojú rẹ̀, òun náà mọ̀ pé òun ti ṣì í. Ṣọlá, ènìyàn kì í yí padà lójú òfurufú. Ẹyẹ gan-an á kọ́kọ́ na ìyẹ́. Ó yí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi kàn án, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ. Bọ́ọ̀lù lu igi, ó bọ́ sórí ìlà, ó ń yí lọ sínú. Òun ti dojú bo ẹrẹ̀, kò rí i. Kò rí i o! Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tá ràrà, ó sì gbé e lé e. Gbogbo yín ń jó. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń bú u láti ọ̀sán."

Àkúrẹ́ ti lọ, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dá a padà, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Ṣọlá yí ọwọ́ ara rẹ̀ padà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ọwọ́?"

"Ẹ̀yìn ọwọ́."

"Ó sì ti lọ sí òsì tán?"

"Tán pátápátá."

Ó rọra jókòó sétí ẹní, láàárín kòkó.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Ẹ má yára."