Ilẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù Yàrá Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

1

…nítorí náà ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ti rẹ ẹni tó ń gbé e kiri. Pọ́tà kan wà ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú ọgbà yunifásítì kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Èmi ni pọ́tà náà. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, màá máa pè é ní "ó", kí n lè máa wò ó lókèèrè.

2

ÌKÉDE

A FẸ́ TÚN ILÉ YÌÍ ṢE. GBOGBO KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ ÀTIJỌ́ NI A Ó YỌ, A Ó FI IGI WỌN DÁNÁ. KÁFÍŃTÀ YÓÒ BẸ̀RẸ̀ NÍ ỌJỌ́ AJÉ.

— Ọ́fíìsì Alábòójútó Ilé

3

Àṣà ilé náà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ á kọ orúkọ rẹ̀ sí inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, á fi gbólóhùn kan tì í. Mo ti ka púpọ̀ nínú wọn:

*Mo yege. Ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣe é.*

*Ẹ̀yin ìdun, mo fi yín lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́.*

*Ẹni tó jí ṣòkòtò mi, kò ní bá ọ mu.*

4

Baba Pọ́tà,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni ìyá ọmọ gíga tí ẹ máa ń pè ní Agùntáṣọọ́lò, tó gbé yàrá kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ mọ̀ pé kò lò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn tó jáde tó fi kú. Lọ́dún tó kọjá, ilé wa jóná, gbogbo ìwé rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó kọ nǹkan sínú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ibẹ̀ nìkan ni ohun tí ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kù sí láyé. Ẹ dákun, ẹ bá mi yọ ilẹ̀kùn náà sọ́tọ̀. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

5

*Káfíńtà, má fi ayùn kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yàrá 27 o. Ti ọmọ tó ti kú ni. — Pọ́tà*

6 (tó jẹ́ 9 tẹ́lẹ̀)

Ọdún méje sẹ́yìn làwọn kan gbé okùn ìwọ̀n wá. Wọ́n ní kì í ṣe ìdí àtẹ̀gùn ló yẹ kí nọ́ńbà yàrá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni. Wọ́n lẹ nọ́ńbà tuntun. Yàrá kẹtàdínlọ́gbọ̀n di kẹrìnlá.

Ojú pọ́tà rí i. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ẹsẹ̀ tó ti mọ ọ̀nà oko kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ojú mọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ náà kò gbà á, nígbà tó ń kọ̀wé sí káfíńtà.

7

Ẹ̀yìn ilé. Ọjọ́rú, ọ̀sán.

PỌ́TÀ: Èwo lèyí?

KÁFÍŃTÀ: Èyí tẹ́ ẹ ní kí n dá sí. Mo tilẹ̀ fi omi nù ún.

PỌ́TÀ: Orúkọ rẹ̀ ò sí níbí.

KÁFÍŃTÀ: Baba, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ kọ. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà lára yàrá tí mo ti yọ ọ́.

PỌ́TÀ: Mẹ́rìnlá ńkọ́?

KÁFÍŃTÀ: Àná la fi se oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́.

(Pọ́tà kọjú sí ibi ààrò.)

KÁFÍŃTÀ: Ẹ jókòó, Baba. Ẹ jókòó ná. Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀? Èmi ni mo kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi.

PỌ́TÀ: Mo ti rí pátákó yẹn. Bí ẹni pé adìẹ ló fẹsẹ̀ kọ ọ́.

KÁFÍŃTÀ: Ta ló máa mọ̀?

PỌ́TÀ: Ìyá ẹ̀.

8

Ó rẹ̀ mí.

9

Ohun tó rò láti sọ fún ìyá náà:

Ikán ló jẹ ẹ́. (Irọ́.)

Ọ́fíìsì ló kọ̀. (Irọ́.)

Èmi ni.

10

Ọjọ́bọ̀. Ìyá ọmọ náà dé tòun ti dẹ́rẹ́bà, ó ká aṣọ kan sápá láti fi di ilẹ̀kùn náà.

ÌYÁ: Ṣé òun nìyí?

PỌ́TÀ: Ẹ kú ìrìn, Mà.

ÌYÁ: Mo ní ṣé òun nìyí, Baba Pọ́tà?

PỌ́TÀ: Ilẹ̀kùn yàrá kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni, Mà.

Òótọ́ ni. Irú òótọ́ yẹn burú ju irọ́ lọ. Pọ́tà ní òun ń lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀.

11

Káfíńtà ló dúró ti ìyá náà. Káfíńtà ní ìyá náà kúnlẹ̀, ó fi ìka ka ilẹ̀kùn náà látòkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló tọrọ pẹ́ńsùlù.

Nígbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún mi, ó ní ìyá náà kọ nǹkan síbẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà kejì, ó ní ìyá náà kàn di pẹ́ńsùlù náà mú ni, ó sì dá a padà.

12

Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ìyá náà àti dẹ́rẹ́bà. Wọ́n ti fi aṣọ wé ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn níbi tí aṣọ kò ká.

Ìyá náà dúró níwájú mi. Ó wò mí.

"Ẹ ṣé o, Baba. Ẹ ti gbìyànjú."

Mi ò tíì mọ èyí tó ní lọ́kàn. Ẹ má bi mí. Ẹnu káfíńtà ni mo ti gbọ́ èyí tí mi ò fojú mi rí, ibi tó sì ti já a náà ni mo ti já a.